Bí Mo Ṣe Ka Ọjọ́ Orí Àwọn Òkú Ilé Wa Nítorí Owó Ìfẹ̀yìntì

Dókítà ni mí, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹni tí orí ń fọ́ wá sọ́dọ̀ mi o. Ayùn ni mo ń tọ́jú. Sọ́míìlì kan ní Òkè-Agbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí di ìgbà tó funfun. Ayùn inú ẹ̀rọ ìlagi kì í ṣe ayùn ọwọ́ káfíńtà tí ẹ mọ̀. Ó gùn, ó fẹ̀, wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ ìdí bíi bẹ́líìtì, orí àgbá irin ńlá méjì ló sì ń yí lé. Bó bá ti la gẹdú fún wákàtí mélòó kan, eyín rẹ̀ á kú, wọ́n á tú u, wọ́n á gbé e wá bá dókítà.

Mulika ọmọ mi, tó ń ṣe tíṣà ní Àgó-Ìwòyè, ló ní kí n kọ ìtàn mi sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tó ń bi í léèrè irú iṣẹ́ tó yẹ kí àwọn kọ́. Mo ní kò burú. Bí mo ṣe ríṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá mi ti bá iṣẹ́ gẹdú lọ nínú igbó, ìyá mi sì búra pé ọmọ òun kan kò ní tẹ̀lé e, iṣẹ́ ìjókòó ni òun fẹ́ fún mi. Ó bẹ fọ́máànù, fọ́máànù gbà, owó náà kò tó, ó parí.

Ọ̀gá Bánjọ ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọkùnrin kúkúrú ni, kò ga ju èjìká mi lọ, ṣùgbọ́n bó bá wúkọ́ lásán, àwa ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta á nàró ṣánṣán. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, n kò fọwọ́ kan òòlù. Kẹrosíìnì àti àkísà ni wọ́n fún mi, kí n máa nu oje igi kúrò lára ayùn, eyín kan lẹ́yìn òmíràn. Mo rò pé ó kórìíra mi ni. Lọ́jọ́ kan mo ṣe ọkàn gírí, mo ní, "Ọ̀gá, ìgbà wo ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an?"

Ó wò mí tẹ̀ẹ̀. Ó ní, "Eyín mélòó ló wà lára ayùn tó wà níwájú rẹ yẹn?"

N kò mọ̀.

"Oṣù mẹ́ta lo ti ń fọ eyín fún un, o ò mọ iye tó ní lẹ́nu. Máa nù ún lọ."

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo padà sídìí àkísà mi.

Òfin kan wà tó fi ń tọ́ wa tí n kò rí ní sọ́míìlì mìíràn rí. Ẹni tó bá tọ́jú ayùn ni yóò dúró tì í nígbà tó bá ń la gẹdú àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe lọ́nà jíjìn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gan-an ni. Ó ní bí ènìyàn bá mọ̀ pé orí òun fúnra òun ló wà níbẹ̀, kò ní fi òòlù ṣeré. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró tì í, gbogbo àdúrà tí mo kọ́ nílé kéwú ni mo kà, mo tún ka díẹ̀ nínú ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn.

Ọdún kẹrin mi ni àjálù dé. Ọ̀gá lọ sìnkú, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Ọkọ̀ tó fẹ́ kó pákó lọ sí Èkó ti ń dúró, fọ́máànù sì ń pariwo lé mi lórí. Mo rí ìlà kan lẹ́sẹ̀ eyín ayùn, tín-ínrín bí irun orí. Irú ìlà bẹ́ẹ̀, ńṣe la máa ń gé ibẹ̀ kúrò, kí a tún ayùn náà jó pọ̀, iṣẹ́ odindi ọ̀sán kan sì ni. Èmi wá fi irin ẹlẹ́nu ṣónṣó lu ojú kan sí ìparí ìlà náà kó má baà gùn sí i, mo ní kí wọ́n gbé e lọ. Mo dúró tì í gẹ́gẹ́ bí òfin. Gẹdú kò tíì wọlé dé ìdajì nígbà tí mo gbọ́ "pàù!" bí ìbọn ọdẹ. Ayùn já. Ó fò sókè, ó ya páànù òrùlé, ó bọ̀ wálẹ̀, ó gba orí mi kọjá. Nígbà tí mo fọwọ́ kan orí, orí wà ńbẹ̀, fìlà ni kò sí. Ó ti gé e sí méjì. Kọ́lá tó ń wa ẹ̀rọ gbọgbẹ́ lápá. Àpá náà wà níbẹ̀ títí dòní, ó sì máa ń fi hàn mí ní gbogbo ọdún Iléyá kí n lè bu ẹran fún un sí i.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ kejì. Kò nà mí, kò bú mi. Ó ṣa fìlà náà, apá méjèèjì, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri, ọ̀kánkán ibi tí mo ń jókòó gan-an. Ìtìjú pa mí, mo sunkún bí ọmọdé. Ibẹ̀ ló wà títí Ọ̀gá fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ayùn tó tún já lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ náà.

Fáìlì ọwọ́ ni a fi ń pọ́n eyín ayùn nígbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkúta tí iná mànàmáná ń yí dé, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá láti òkè òkun tó ń pọ́n ayùn fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ wa ní, "Bàbá, iṣẹ́ yín ti tán." Mo rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ayùn kan pàdé ọta ìbọn tí ọdẹ kan ti yìn sára ìrókò láti ayé àwọn bàbá wa, gbogbo eyín iwájú sì fọ́. Ẹ̀rọ òyìnbó ń lọ tà-tà-tà lórí ibi tí eyín kò sí mọ́. Èmi ni wọ́n sáré wá pè. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, gẹdú ló yí padà ju irinṣẹ́ lọ. Ìrókò tí ọkùnrin mẹ́ta kò lè gbá mọ́ra ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí mo fi máa lọ, igi tí kò ju itan mi lọ ni wọ́n ń kó wá, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá rí wọn.

Nígbà tí Ọ̀gá Bánjọ fẹ̀yìn tì, ó gba owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà san án nígbà náà. Ó parí ilé rẹ̀, ó ra mọ́tò kékeré kan, ó ń gbé ìyàwó rẹ̀ káàkiri bí ọkọ ìyàwó tuntun. Kò pé ọdún mẹ́ta tó fi kú, ó kú tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lójú tèmi, ẹni tó mọ ayé jẹ nìyẹn, mo sì ti pinnu pé bó bá kàn mí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni n ó ṣe.

Ó wá kàn mí lóòótọ́. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì wa. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju Mulika lọ ló kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi ní àga.

"Bàbá, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gba èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ti oṣooṣù wá kéré, á sì tán lọ́jọ́ kan. Tàbí kí ẹ gba díẹ̀ báyìí, kí a máa san èyí tó jọjú fún yín lóṣooṣù, títí ẹ ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́, títí ọlọ́jọ́ á fi dé."

"Bí ọlọ́jọ́ bá tètè dé ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Á jẹ́ pé ẹ ò jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀ nìyẹn, sà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Kí lẹ fi ń ṣírò iye tí ẹ ó máa san?"

"Ọjọ́ orí yín ni, sà. Kọ̀ǹpútà máa wo iye ọdún tó ṣeé ṣe kí ẹ tún lò. Ẹ fara balẹ̀ rò ó o, Bàbá. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, kò ṣeé yí padà mọ́."

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn bí mi nínú. Kò mọ bàbá mi, kò mọ ilé wa, òun ló fẹ́ sọ iye ọdún tí n ó lò! Nígbà tí mo délé, mo rò ó fún Ìyá Mulika, ìyàwó mi. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ sì ti ń kọ ihò abẹ́rẹ́.

Ó ní, "Owó yín ni, Bàbá Mulika. Ẹ ṣáà rántí pé ẹnu méjì ló ń jẹun nílé yìí."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá gba owó lẹ́ẹ̀kan, tí mo jẹ ẹ́ tán, tí mo sì wà láàyè, ojú tó ti ń ṣú yẹn ni yóò máa ránṣọ bọ́ wa. Bí mo bá yan ti oṣooṣù, tí mo kú lọ́dún tó ń bọ̀, mo ti fi òógùn ogójì ọdún ta ẹni tí n kò mọ̀ rí lọ́rẹ. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní tàn yín. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwọn ọkùnrin ilé wa kì í pẹ́ láyé.

Dókítà ayùn kì í ṣe iṣẹ́ àbá, wíwọ̀n là ń wọn nǹkan. Mo ra ìwé kékeré kan, mo gbọ̀nà ilé ẹbí wa ní Ìlàpòrú, mo lọ bá Ìyá Wàhábì, ìyàwó àbúrò bàbá mi, pé kó bá mi ka ọjọ́ orí gbogbo ọkùnrin ilé wa tó ti kú. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ nínú wọn. Ó ní ẹni báyìí ti lè gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n da ọ̀dà sí títì, ẹni báyìí ṣègbéyàwó lọ́dún tí kòkó wọ́n bíi wúrà. Èmi ń rò ó pọ̀, mo ń yọ ọ́ kúrò. Mẹ́rin ni mo kọ sílẹ̀: bàbá mi, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì, àti Ràfíù ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí èyí tó kọjá ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Èmi ti pé ọgọ́ta. Mo fi báírò fàlà sábẹ́ rẹ̀: ó ku ọdún mẹ́ta. Mo pinnu pé n ó gba èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti Ọ̀gá.

Ìyá Wàhábì ti bi mí léèrè nígbà tí mò ń lọ pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ní mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọkùnrin ọgọ́ta ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, dé pẹ̀lú ìwé, ó ń béèrè ìgbà tí ìran rẹ̀ ń kú, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, bí mo ṣe ti mọ́sálásí dé, bàtà ti kún ẹnu ọ̀nà mi. Ẹbí ti pé. Ìyá Mulika ń sunkún. "Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sibítù lẹ́yìn mi? Èmi náà lẹ fi irú èyí pamọ́ fún?" Mo ní ara mi le. Bí mo ṣe ń sọ pé ara mi le ni wọ́n ń mi orí pé ọkùnrin gidi ni mí. Ààfáà tí wọ́n mú wá gba àdúrà, inú àdúrà náà ni mo ti gbọ́ pé kíndìnrín ló ń ṣe mí. Nígbà tí páṣítọ̀ tí àwọn àna wa mú wá fi gba tirẹ̀, ó ti di ẹ̀dọ̀. Mo ṣe àmín sí méjèèjì.

Wàhábì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bọ̀dá, bí owó yẹn bá fẹ́ jáde, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà o, kí ilé ẹbí lè rí òrùlé tuntun kí ẹ tó… kí ara yín tó yá." Ẹnì kan béèrè ẹni tí yóò máa gun ọ̀kadà mi. Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Bí a ti wà níbẹ̀ ni mọ́tò kan dúró. Màmá Ìbíadé ló ń sọ̀ kalẹ̀, àbúrò bàbá mi obìnrin, tí wọ́n fẹ́ sí Ìbíadé létí omi láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ lọ́wọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.

"Léèsí ló ń kú níbí?"

Mo dọ̀bálẹ̀.

"Lásísì, dìde. Yún sẹ́nu ọ̀nà, kí o padà wá."

Mo lọ, mo bọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi.

"Ẹni tó ń kú kì í rìn báyìí. Wẹ́n ní o ń kọ orúkọ òkú sínú ìwé. Ìwé ọ̀hún dà?"

Mo mú un wá, mo rò ó délẹ̀délẹ̀, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta. Màmá kò mọ̀wé, ó ní kí n kà á sókè. Mo ka orúkọ bàbá mi.

"Kí ló pa á?"

"Gẹdú ló yí lù ú, Màmá."

"Ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ni gẹdú ń gbé? Ka èyí tó kù."

"Bàbá Wàhábì. Orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́. Bàbá kékeré, ejò ló bù ú jẹ lóko. Bọ̀dá Ràfíù, ọkọ̀ ojú omi ló dà á nù."

"Ṣé o ń gun ọ̀pẹ?"

"Rárá, Màmá."

"O ń wakọ̀ lójú omi?"

"Mi ò mọ̀wẹ̀."

"O ka ọdún, o ò ka ohun tó pa wẹ́n." Ó na ọwọ́ sí ìwé náà. "Èmi dà níbẹ̀?"

Mo wò ó. "Màmá, àwọn ọkùnrin ni mo kà."

"Nítorí wẹ́n fẹ́ mi lọ Ìbíadé? Èmi àti bàbá rẹ, ọmú kan náà la mu. Ìyá wa tó bí wa ńkọ́? Ó pẹ́ títí ó fi ń pe èmi ọmọ rẹ̀ ní ìyá. Ìyẹn náà ò sí ńbẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ogójì ọdún ni mo fi ń wọn irin láìṣìṣe, mo wọn ilé bàbá mi, mo sì fi ìdajì sílẹ̀ nítorí pé obìnrin ni wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Mulika nu ojú, ó bú sẹ́rìn-ín, a sì wá ṣe fàájì lọ́jọ́ náà ju bí wọ́n ti rò lọ. Kò pẹ́ tí àwọn ẹbí fi túká nígbà tí wọ́n rí i pé n kò kú. Wàhábì gbé ìdajì ẹja Màmá lọ.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo padà sí ọ́fíìsì. Mo sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé, "Ti oṣooṣù ni mo fẹ́. Ẹ kìlọ̀ fún kọ̀ǹpútà yín pé kó múra o, ẹ máa san án pẹ́." Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ sí i.

N kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn yan èyí tí mo yan. Ọ̀gá Bánjọ kò jẹ̀bi, ó jẹ owó rẹ̀, ó gbádùn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wáṣẹ́, ẹ wo iṣẹ́ tí ara yín lè gbà. Bí ẹ bá sì dé ibi tí mo dé, kí ẹ jókòó ti ìyàwó tàbí ọkọ yín, kí ẹ tún lọ bá àgbà tó mọ ilé yín, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ìyá Mulika ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ó ń sun oorun ọ̀sán, ó tún máa ń bú mi pé mò ń hanrun.

Màmá Ìbíadé kú nígbà òjò tó kọjá, lójú oorun, ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. A péjọ síbi sàréè rẹ̀ ní Ìbíadé. Páṣítọ̀ ìjọ ọkọ rẹ̀ ka Bíbélì tán, ó ní kí àgbà ọkùnrin ilé bàbá rẹ̀ jáde wá bu yẹ̀pẹ̀ kọ́kọ́. Èmi náà bojú wẹ̀yìn, mò ń wá ẹni tó ń pè. Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo rí i pé èmi ni gbogbo wọn ń wò. Ilé wa kò ní arúgbó ọkùnrin rí tí mo lè wo bó ṣe ń ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí eékún mi, mo bu yẹ̀pẹ̀ tutù náà kún ọwọ́, mo sì ṣe é bí mo ṣe rò pé àgbà máa ń ṣe é.